Ẹ Wọn Ẹnu Ọ̀nà Kẹ́ Ẹ Tó Kan Kọ́bọ́ọ̀dù

Káfíńtà kan wà ládùúgbò tí mo gbé nígbà kan n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa, kì í sì í lo igi tí kòkòrò ń jẹ. Lọ́jọ́ kan, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onílẹ̀kùn mẹ́ta fún ìyàwó tuntun kan, ó kùn ún, ó fi díńgí sí i, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yìn ín. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ilé ọkọ ìyàwó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, kò lọ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n mú àáké, wọ́n fẹ́ máa gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn, ni lánlọ́ọ̀dù bá já lù wọ́n. Owó tí káfíńtà yìí fi tún ilẹ̀kùn onílé ṣe ju èrè tó yẹ kó jẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ.

Ẹ má wulẹ̀ fi káfíńtà wa rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ńlá ńlá àti àwọn tó ń bá wọn ṣe irin iṣẹ́ abẹ nílẹ̀ òyìnbó ṣe irú ohun tó ṣe yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ojú ọmọ èèyàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe jáde nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí mo gbà pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń po ọṣẹ tà, ju bó ṣe kan dókítà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Lẹ́yìn dúdú ojú wa, awò kékeré kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ wa, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tí a fi ń ríran. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, awò yìí a máa di funfun díẹ̀díẹ̀, bí omi ẹyin adìẹ ṣe ń di funfun tí a bá sè é. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní kátáráàtì. Kò sí oògùn tí wọ́n ń kán sójú tó ń wò ó sàn. Àfi kí wọ́n yọ èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì fi awò mìíràn tí èèyàn ṣe rọ́pò rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, tí wọ́n fi yẹ ojú àwọn ẹni 40 ọdún sókè tó lé ní 13,000 wò, fi hàn pé nínú 100 ẹni tójú wọn fọ́, kátáráàtì ló fọ ojú bí 43 nínú wọn. Àwọn ẹni 40 ọdún sókè yìí náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló ń gba ọmọṣẹ́.

Mo mọ ìyá aránṣọ kan tó bọ́ sínú ìṣirò yìí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó ní ọjọ́ ti lọ lórí òun ni. Nígbà tó yá, ó gé aṣọ àǹkárá oníbàárà kan sódì. Oníbàárà yẹn lọ, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lọ sílé ìwòsàn, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni ojú tí wọ́n máa gé ṣe máa tóbi tó? Ẹni tó bá pàdé níbẹ̀ kò dá a lóhùn gidi, ó kàn ní kó lọ sanwó káàdì. Ohun tí wọ́n sì ti sọ fún un lọ́jà ni pé wọ́n máa ń yọ ẹyin ojú sórí tábìlì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà. Bí ìyá yìí ṣe lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń rìn kiri, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun ojú sẹ́yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó jó. Kò pẹ́ rárá tí ojú náà fi wú, tó sì fọ́ pátápátá. Kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ pé nínú gbogbo ojú kátáráàtì tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nígbà náà, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé ti alábẹ́rẹ́ ni.

Ẹ fi ìbéèrè ìyá yẹn sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀. Báwo ni ojú tí wọ́n máa gé ṣe máa tóbi tó? Òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi awò tí èèyàn ṣe sínú ojú aláìsàn, nílé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ọkùnrin náà kò ṣàjèjì sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, torí nígbà ogun Hítílà, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, ó sì ṣèwádìí lórí àrùn ojú tí kòkòrò etí odò ń fà. Nígbà ogun yẹn kan náà ló ṣàkíyèsí àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú ogun. Tí ọta bá fọ́ fèrèsé ọkọ̀ wọn, èérún ike rẹ̀ a wọ̀ wọ́n lójú, ike náà a sì jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, kò ní wú, kò ní kẹ̀. Ridley ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi irú ike yìí ṣe awò. Ilé-iṣẹ́ Rayner bá a ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú u fún ọdún pípẹ́ pé ó fẹ́ fọ́ àwọn èèyàn lójú. Ó ti di arúgbó kí wọ́n tó fi oyè dá a lọ́lá lọ́dún 2000.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Dúdú ojú èèyàn kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 12 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ojú tí wọ́n ń gé láyé ìgbà náà sì tó mìlímítà 10 sí 12, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣí bí ìdá kan nínú mẹ́ta etí rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á fi òwú rán an padà. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á sì fi àpò iyanrìn há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má baà mì. Tí òwú bá fà jù, gbogbo iwájú ojú á ṣùpọ̀, bí aṣọ tí aránṣọ fa òwú rẹ̀ jù, ìran á sì wọ́. Awò dáa, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kò dáa.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lórí àga oníṣègùn eyín kan ní New York. Dókítà ojú tó ń jẹ́ Charles Kelman jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń bá a fọ eyín. Irin kékeré tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ń gbọ̀n lọ́nà tó yára débi pé etí kò lè gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì ń ya ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín dànù láìpa eyín lára. Kelman ronú pé tí irin yìí bá lè fọ́ ohun tó le mọ́ eyín, ó lè fọ́ awò tó ti bàjẹ́ nínú ojú sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fà á jáde bí ẹni fi ike mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lọ́dún 1967, ó ṣe é. Ojú tó nílò kò ju bíi mìlímítà 3 lọ.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan ẹlẹ́yà. Awò ike líle tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò èyí tí wọ́n fà jáde fẹ̀ tó mìlímítà 6. Nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà wá gba awò Ridley tán, tí wọ́n sì tún gba ẹ̀rọ Kelman, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi sùúrù àti owó gọbọi ṣiṣẹ́ láti inú ihò mìlímítà 3, wọ́n á parí rẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá mú ọ̀bẹ, wọ́n á tún fa ihò náà ya dé mìlímítà 6 tàbí 7 kí awò lè wọlé. Férémù ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbẹ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣe awò wọn awò, ó péye. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ wọn ẹnu ẹ̀rọ, ó péye. Àwọn méjèèjì kò jọ wọn ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa jà nìyí. A máa ń yangàn pé ọjà wa dára, ó sì lè dára lóòótọ́. Mo ti rí ìyá tó ń ṣe gààrí tó mọ́ lóló, àpò ńlá nìkan ló ń tà á, ó sì ń ráhùn pé àwọn tó ń gbé fúláàtì kò rà á. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé àpò gààrí sí nínú ilé ìdáná tí èèyàn méjì kò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan? Ọjà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni.

Ohun tó tú wọn sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ojú ni pé ẹnì kan fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó ronú kan ẹní. Ẹní fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ṣùgbọ́n tí a bá ká a, á wọlé, tó bá dé yàrá, a ó tẹ́ ẹ. Láàárín àwọn ọdún 1980, Thomas Mazzocco ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe awò tó rọ̀, èyí tó ṣeé ká. Awò fífẹ̀ mìlímítà 6 wá lè gba ihò tó tó ìdajì rẹ̀ kọjá. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe irin iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ta ló máa ká a, kí ló sì máa fi gbé e wọlé?

Ẹ̀mú ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ẹ̀mú tín-ín-rín bí irú èyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ọ̀kan á ká awò, èkejì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀mú náà ní ara. Bí awò ti kéré tó nígbà tí wọ́n ká a, sísanra ẹ̀mú lọ́tùn-ún lósì á tún fẹ ihò sí i. Awò náà sì lè kan ìpéǹpéjú kó tó wọlé, kó gbé ìdọ̀tí dání lọ sínú.

Wọ́n pa ẹ̀mú tì, wọ́n ṣe ohun tó jọ síríńjì. Ẹnu rẹ̀ rí bí àrọ tí wọ́n fi ń bu epo: ó fẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń tín-ín-rín lọ síwájú. Wọ́n á tẹ́ awò sẹ́yìn, wọ́n á ti ọ̀pá rẹ̀, àrọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ká awò bó ṣe ń lọ, títí yóò fi bọ́ sínú ojú tí yóò sì tẹ́ ara rẹ̀. Kí awò má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ro ohun yíyọ̀ kan sínú rẹ̀ ṣáájú. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí ohun yíyọ̀ náà? Inú ogbe orí àkùkọ ni. Ogbe pupa tí a máa ń gé dànù tí a bá ń tún adìẹ ṣe, òun ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń yọ́ oje rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa adìẹ tà, ẹ kò mọ ohun tí ẹ̀ ń jù sí kòtò!

Síríńjì kékeré yìí, bí ẹ bá wò ó lọ́wọ́, ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀. Wàhálà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ògiri àrọ náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, torí ìta rẹ̀ ló ń gba inú ihò kọjá, kì í ṣe inú rẹ̀. Tó bá sì fẹ́lẹ́ jù, á là níbi tí awò ti ń fún un. Orí ọ̀pá tó ń ti awò gbọ́dọ̀ rọ̀, kó má baà fi ojú họ awò, torí gbogbo ohun tó bá họ níbẹ̀, aláìsàn á máa rí i. Àwọn kan ṣe ọ̀pá onísùkúrù, èyí tí wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó dán mọ́rán, kì í já lójijì, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà, dókítà kò sì ní ọwọ́ kẹta tí yóò fi di ojú mú. Àwọn mìíràn ṣe èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì bíi ti abẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè já. Awò sílíkónì máa ń fò ṣí bíi tàkúté tó bá ti bọ́. Awò àkírílíìkì máa ń rọra ṣí ní tirẹ̀, àmọ́ tí yàrá iṣẹ́ abẹ bá tutù jù, á le, kò ní fẹ́ ká. Nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ lè tẹ́ awò sínú àrọ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, kó tó di pé wọ́n mọ̀, ó ti wọlé. Èyí ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ awò sínú rẹ̀ láti fátìrì, kó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á kàn já a nínú pálí kí wọ́n sì lò ó. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí èèyàn lè mọ̀ láti inú ọ́fíìsì. Ẹni tó dúró ti dókítà, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ló mọ̀ ọ́n.

Mo sì tún fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú síríńjì yìí, wọ́n lè bọ irin rẹ̀ kí wọ́n tún un lò fún ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n àrọ ike ẹnu rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó fún, ó di jíjù nù. Ẹni tó ta irin lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa ta àrọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta àtùpà mọ̀ pé èrè wà nínú òwú àtùpà.

Lónìí, ihò tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ti wálẹ̀ dé bíi mìlímítà 2.2 ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, wọn kì í sì í rán an. Ó yẹ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo ní iyèméjì díẹ̀. Láti mìlímítà 12 sí 6, ìgbàlà ńlá ni. Láti 2.8 sí 2.2, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni inú rẹ̀ ń dùn jù. Ẹ̀rọ náà wọ́n, kò fẹ́ iná ṣégeṣège, àrọ rẹ̀ àti awò rírọ̀ náà sì ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ìlú kékeré tí jẹnẹrétọ̀ ti ń fúnná, ó tún ti kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò gba ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà àpò aláìsàn ni lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn ará Nepal, orílẹ̀-èdè olókè tó wà láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, ló fi èyí yé mi. Sanduk Ruit, dókítà ojú kan níbẹ̀, wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ abẹ tí kò nílò ẹ̀rọ kankan di ohun tó kárí ayé. Ojú tí wọ́n ń gé á tó mìlímítà 6 tàbí 7, ṣùgbọ́n wọn kì í gé e ní tààrà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré tó tẹ̀ bí òṣùpá lé téńté gbẹ́ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ dídàgẹ̀rẹ̀ láti inú funfun ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ táyà mọ bí fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ inú fúnra rẹ̀ ló ń tì í pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára omi inú ojú ṣe ń ti ọ̀nà yìí pa. Wọn kò rán an. Lọ́dún 2007, Ruit àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti pín àwọn aláìsàn 108 sí méjì. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe apá kan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe apá kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìran apá méjèèjì dáa bákan náà. Ṣùgbọ́n bíi ìṣẹ́jú 9 ni ti ọlọ́wọ́ gbà, ti ẹ̀rọ gbà tó 15 àti ààbọ̀, ti ọlọ́wọ́ sì dín owó kù dáadáa.

Níbòmíràn ní Nepal yẹn kan náà, nílùú kan tó ń jẹ́ Lahan, dókítà Albrecht Hennig ń wá bí òun ṣe lè fa awò tó ti le jáde gba inú ọ̀nà tóóró yìí. Lọ́dún 1997, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ síríńjì tó tín-ín-rín, èyí tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Wọ́n á fi ìwọ̀ náà kọ́ awò láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fà á jáde. Abẹ́rẹ́ lásán tí ẹ rí yẹn, tó jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́, òun ni wọ́n tẹ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń dá ọgbọ́n tuntun sílẹ̀ nínú òwò, kò sí èyí tó yé mi tó abẹ́rẹ́ yìí.

Awò náà tún kù. Awò òkè òkun ń lọ ní nǹkan bí 100 dọ́là nígbà kan, tálákà wo ló fẹ́ ra ìyẹn? Ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà, dókítà Govindappa Venkataswamy tó ti fẹ̀yìntì ti dá ilé ìwòsàn Aravind sílẹ̀ lọ́dún 1976 pẹ̀lú ibùsùn 11. Àrùn oríkèé ti ká a níka kò, síbẹ̀ ó kọ́ ara rẹ̀ láti di ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ mú. Lọ́dún 1992, àwọn èèyàn rẹ̀ dá Aurolab sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣe awò fúnra wọn. Wọ́n mú iye rẹ̀ wá sí bíi dọ́là 10, ó sì tún wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ti lé ní 100 orílẹ̀-èdè tí ọjà wọn dé.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ: dókítà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí, kí ló kan alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sialkot, ní Pakistan. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ idà àti ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere kan nílò ẹni tó máa bá wọn tún irin iṣẹ́ abẹ ṣe, wọ́n gbé e fún wọn. Wọ́n tún un ṣe títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́. Lónìí, sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀mú tí wọ́n ń rọ ní ìlú yẹn wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe é jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ìlú Tuttlingen ní Jámánì, tí kò tóbi rárá, ní ilé-iṣẹ́ tó lé ní 400 tó ń ṣe irú nǹkan báyìí.

Lọ́dún 1994, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ irin Sialkot. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é bá ìlànà mu. Òwò fẹ́ kú. Wọn kò jókòó máa sọ pé òyìnbó kórìíra àwọn. Ẹgbẹ́ wọn àti ìjọba jọ wá àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, irú irin tí wọ́n rà, ẹni tó rọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí padà sínú ọjà náà.

Nítorí èyí, tí mo bá gbọ́ tí àwọn ará wa ń sọ pé kí ìjọba ti bodè mọ́ irin iṣẹ́ abẹ òkèèrè kí àwa náà lè máa ṣe é, èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ta ni yóò kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ fún irin tí a kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe? Ibi àtúnṣe ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, bíi ti Sialkot. Nílé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, ẹ lọ béèrè iye sísọ́ọ̀sì tó ti kú sínú àpótí nítorí pé kò sí ẹni tó lè pọ́n ọn, iye ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé mọ́, iye tíréè àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń fi iná jó ẹ̀gbà ọrùn tó tín-ín-rín bí òwú ní ọwọ́ tí iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ohun tí kò ní ni ìwé àkọsílẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ní ti ohun tó máa wọ inú ara èèyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba ọ̀dọ̀ NAFDAC. Ẹni tó bá fẹ́ yára níbẹ̀, inú ojú ẹlòmíràn ló ti fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Mo ní mo máa padà sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ojú kejì bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn mọ́ rárá. Àbúrò rẹ̀ ló fi ọgbọ́n mú un lọ sí ibòmíràn, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti jókòó tì í. Ìyá tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́. Nọ́ọ̀sì kò sọ mìlímítà kankan fún un. Ó ní, "Màmá, ṣé aránṣọ ni yín? Ẹ fún mi ní téépù yín." Ìyá yọ téépù nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì fi èékánná sàmì sí i níbi tó kéré sí ìdajì íǹṣì, ó ní, "Èyí ni ihò bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀ ń ṣe, àbí?" Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá pín in sí méjì. "Ìdajì rẹ̀ la máa gé. A ò ní rán an, ẹ̀ ẹ́ sì padà sílé lọ́jọ́ yẹn."

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní irú ọ̀bẹ yẹn, ó ní irú awò yẹn, owó tí wọ́n ń gbà kò sì jìnnà síra. Gbogbo ohun tí Ridley, Kelman àti Ruit ṣe láhàáyá ayé láti sọ ihò náà di kékeré wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kàn fi han ẹni tó fẹ́ rà á ni. Ìyá wo téépù náà títí, ó ká a, ó béèrè iye tó jẹ́ àti ọjọ́ tí kò ní bá ọjọ́ tó fẹ́ kó aṣọ ìyàwó kan jáde. Ọjọ́ Wẹsidé ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n fún un, ó sì lọ.